Bí ẹ ṣe máa jiyàn họ́kì Kánádà àti Amẹ́ríkà kí eré tó bẹ̀rẹ̀, tẹ́nu yín á sì ká a

Bí Kánádà àti Amẹ́ríkà bá ti fẹ́ pàdé lórí yìnyín báyìí, kò síbi tẹ́ ẹ máa wọ̀ ní Calgary, ní Edmonton, ní Toronto tí wọn ò ní máa fa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹrun, ibi iṣẹ́, inú tiréènì, títí kan ẹ̀yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n ń pín ráìsì. Àwa tá a gbọ́njú bá bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, tá a mọ orúkọ gbogbo pléyà Arsenal lórí, ńṣe la máa ń dákẹ́ síbẹ̀, tẹ́nìkan bá wá bi wá a ó ní "ah, Kánádà ni o, àwọn ló kúkú leré." Ìyẹn ò tíì dá sọ́rọ̀ o, ẹ kàn kí wọn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, tó jẹ́ orí ápù tẹ́tẹ́ nìkan lẹ ti ń rí họ́kì, ẹ súnmọ́bí náà, ọ̀rọ̀ yín wà nínú ẹ̀ dáadáa.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà rárá: ẹni mẹ́fà mẹ́fà ló ń wà lórí yìnyín lẹ́ẹ̀kan, márùn-ún ń sáré, ẹnìkan ń ṣọ́lé, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń gbá pọ́ọ̀kì, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tó wà nípò bọ́ọ̀lù. Ìṣẹ́jú 20 lọ́nà mẹ́ta ni, aago sì máa ń dúró nígbàkígbà tí rẹfirí bá fun fèrè, ìdí nìyẹn tí 60 ìṣẹ́jú fi ń lé ní wákàtí méjì lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá ṣẹ̀, wọ́n á ní kó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìṣẹ́jú 2, tíìmù ẹ̀ á máa fi ẹni mẹ́rin sáré, àwọn tó kù á sì máa gbádùn ohun tí wọ́n ń pè ní power play. Ó tó, ẹ máa kọ́ ìyókù lójú ọ̀nà.

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: 60 ìṣẹ́jú ni àbí títí dópin?

Ìdajì àríyànjiyàn họ́kì tí mò ń gbọ́, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn èèyàn ń sọ tí wọn ò sì mọ̀. Ẹnìkan ń sọ ẹni tó máa gbé kọ́ọ̀pù lọlé, ẹnìkejì ń sọ ẹni tó máa wà níwájú tí 60 ìṣẹ́jú bá pé. Ìdíje ńlá ò kí ń parí sí ọ̀mì nínú họ́kì, tí wọ́n bá ta ọ̀mì wọ́n á wọ ọfátáìmù, nígbà mìíràn wọ́n á tún débi tí wọ́n ti ń dá gbá a lọ́kọ̀ọ̀kan sí kíípà bíi pẹ́nárítì bọ́ọ̀lù.

Ilé tẹ́tẹ́ àwọn ará Yúróòpù sábà máa ń gbé 1, X, 2 kalẹ̀ fún 60 ìṣẹ́jú nìkan, gẹ́gẹ́ bá a ṣe mọ̀ ọ́n nínú bọ́ọ̀lù. Àwọn ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹni méjì péré ni wọ́n sábà ń gbé síbẹ̀, ta ló máa wọlé nígbẹ̀yìn, ọfátáìmù ti wà nínú ẹ̀. Ọ́ọ̀dì méjèèjì ò lè dọ́gba láéláé, nítorí náà tẹ́nìkan bá ní Kánádà wà ní 2.40, tẹ́nìkejì wá ń pariwo pé irọ́ ni, 1.90 lòún rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jà. Ẹ ní kí wọ́n gbé fóònù jáde, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n kọ sórí ẹ̀.

Ẹ wo fáínà 4 Nations Face-Off, ìdíje tí Kánádà, Amẹ́ríkà, Sweden àti Finland gbá, ní Boston, 20 February 2025. 60 ìṣẹ́jú pé, 2-2. Ní ọfátáìmù, Mitch Marner fún Connor McDavid ní pọ́ọ̀kì, McDavid ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wọlé, Kánádà 3, Amẹ́ríkà 2. Ẹni tó fi owó sí Kánádà lórí 60 ìṣẹ́jú, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ti kú kí McDavid tó gbá a, bẹ́ẹ̀ ó ń wo Kánádà tí wọ́n ń gbé kọ́ọ̀pù kiri. Ẹni tó mú X ló ń rẹ́rìn-ín o.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Vancouver, 28 February 2010, fáínà Olympics. Kánádà ń ṣíwájú 2-1, ó ku bíi sẹ́kọ́ńdì 24 péré, Zach Parise ti Amẹ́ríkà dá a padà. Ọfátáìmù. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an, torí Jarome Iginla ni pọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ní Edmonton tí bàbá ẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tí Adékúnlé wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ó wà níbi ògiri igun, Ryan Suter ti gbé gbogbo ara lé e, ó ti ń ṣubú lọ, Sidney Crosby ń pariwo "Iggy! Iggy!" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Iginla ò tíì balẹ̀ tán tó ti ti pọ́ọ̀kì sí i, Crosby gbá a gba abẹ́ ẹsẹ̀ Ryan Miller, kíípà Amẹ́ríkà, wọlé. Gbogbo Kánádà ló mọ Crosby fún góòlù yẹn. Tẹ́ ẹ bá wà níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ tí wọn ò sì dárúkọ ẹni tó fún un, ẹ bá wọn dárúkọ ẹ̀, ẹ tún fi kún un pé ní fáínà Salt Lake City lọ́dún 2002, nígbà tí Kánádà na Amẹ́ríkà 5-2, Iginla ló gbá méjì nínú márùn-ún yẹn, òun sì ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà níbi Olympics ìgbà òtútù. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á fún yín láàyè láti sọ̀rọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ta ló wà lójú ilé?

Tẹ́ ẹ bá máa gbàgbé gbogbo nǹkan tí mo kọ, ẹ má gbàgbé ìbéèrè yìí. Wọ́n á máa ka orúkọ, McDavid, Nathan MacKinnon, Auston Matthews, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á tán, ẹ má dá wọn lẹ́nu ró, tí wọ́n bá wá mí, ẹ bi wọ́n pé ta ló wà lójú ilé. Ẹ máa rí bí ibẹ̀ ṣe máa pa rọ́rọ́.

Ìṣírò ẹ̀ nìyí. Nínú máàṣì kan, tíìmù kan máa ń ta pọ́ọ̀kì bíi 30 sójú ilé ẹnìkejì, ó lè dín, ó lè lé. Kíípà tó jẹ́ gidi á mú 92 nínú 100, èyí tó wà bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ á mú 90. Ẹ̀yin náà á ní kí ni méjì nínú ọgọ́rùn-ún? Ẹ fi 30 ṣe é ẹ wò ó: ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ góòlù 0.6 nínú máàṣì kan, ìyẹn góòlù mẹ́ta nínú máàṣì márùn-ún. Nínú eré tó jẹ́ pé 3-2 ni wọ́n fi ń gba kọ́ọ̀pù, owó ńlá nìyẹn, mi ò sì rò pé foowọ́dù púpọ̀ wà láyé tó ń dá gbé irú ẹ̀ wálé. Àmọ́ ṣá, ìyẹn ìṣírò ọ̀pọ̀ oṣù ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, kíípà tó dáa lè ṣe bíi ẹni tí ò rí ọ̀ọ́kán, èyí tí wọ́n ń bú náà sì lè ti ilẹ̀kùn pa, ìdí sì nìyẹn tí họ́kì fi máa ń dójú ti àwọn tó dá lójú jù.

Nagano, 1998, ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn pléyà NHL, líìgì họ́kì tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, lọ sí Olympics. Kánádà gbé Wayne Gretzky fúnra ẹ̀ dání, ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò sẹ́ni tó mọ họ́kì gbá tó o rí. Wọ́n pàdé Czech ní sẹ́mì, 1-1, wọ́n wá ń dá gbá a lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni márùn-ún ló jáde fún Kánádà, Dominik Hašek, kíípà Czech, mú márààrún. (Kóòṣì ò tiẹ̀ pe Gretzky kó wá gbá ọ̀kan, wọ́n ṣì ń bínú sí i dòní, ẹ má dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ níbi tí àgbà Kánádà kan bá ti mu ọtí díẹ̀, ilẹ̀ á ṣú.) Fáínà, Czech 1, Rọ́ṣíà 0. Kíípà kan ló gba wúrà yẹn, àwọn yòókù tẹ̀ lé e ni.

Ẹ wá wo òdìkejì. Salt Lake City, 2002, Sweden ti na gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé ní gúrúùpù, Kánádà wà nínú wọn, 5-2. Wọ́n wá pàdé Belarus ní kọ́tà fáínà. Tẹ́ ẹ bá ní Belarus máa wọlé lọ́jọ́ yẹn wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ sùn. Eré wà ní 3-3, ó ti ń lọ sópin, Vladimir Kopat kàn fọ́n pọ́ọ̀kì látọ̀ọ́kán, látìtòsí àárín pápá lóhùn-ún, kì í ṣe pé ó ń wá góòlù tó bẹ́ẹ̀, pọ́ọ̀kì fò bá Tommy Salo, kíípà Sweden, lórí, ó ta padà lókè, ó bọ́ sẹ́yìn ẹ̀, ó yí wọlé. 4-3. Sweden di èrò ilé. Tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún yín pé "kò sọ́nà tí wọ́n lè gbà," ẹ sọ ìtàn Salo fún un, ẹ má fi kún un rárá, ó tó bẹ́ẹ̀.

Fún Boston 2025 yẹn náà, ọ̀rọ̀ kíípà ló pọ̀ jù nínú àríyànjiyàn. Amẹ́ríkà ní Connor Hellebuyck, ẹni tó ti gba Vezina, àmì ẹ̀yẹ kíípà tó dáa jù ní NHL, lẹ́ẹ̀mejì nígbà yẹn. Kánádà ní Jordan Binnington, tó jẹ́ pé àwọn ará ilé ẹ̀ gan-an ló ń gbàdúrà nígbàkígbà tí pọ́ọ̀kì bá sún mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ pé èmi lẹ bi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, máa ní ojú ilé fì sí Amẹ́ríkà, máa sì tún un sọ lónìí. Binnington mú 31 lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó mú ti Matthews ní ọfátáìmù tó yẹ kó ti wọlé. Ẹni tó gbè Hellebuyck ò rò ó burú, ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ ẹlòmíràn ni.

Báwo lẹ ṣe máa mọ kíípà tó máa bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó kéde? Wọ́n máa ń jáde sórí yìnyín láàárọ̀ ọjọ́ eré, wọ́n á sáré díẹ̀, wọ́n á ta díẹ̀. Kíípà tó bá kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀, òun ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lálẹ́. Ẹnìkejì á dúró, àwọn tí wọn ò ní gbá á lálẹ́ á máa ta pọ́ọ̀kì lù ú títí ó fi máa rẹ̀ wọ́n. Àwọn oníròyìn tó wà níbẹ̀ máa ń kọ ọ́ sórí X (Twitter àtijọ́) lójú ẹsẹ̀, ẹ wá a níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pinnu lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú pé báyìí báyìí ló máa rí, orúkọ ló ń kà lásán, kò tíì mọ ẹni tó ń ṣọ́lé.

Ta ni ò sí níbẹ̀, irú ìdíje wo sì ni?

Nínú 4 Nations yẹn kan náà, ní Montreal, 15 February 2025, Amẹ́ríkà na Kánádà 3-1. Cale Makar ti Kánádà ò gbá á lọ́jọ́ yẹn, ara ẹ̀ ò yá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé pọ́ọ̀kì kúrò lẹ́yìn fún wọn jù. Lọ́jọ́ márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀, ní fáínà Boston, ó ti padà. Àwọn ará Amẹ́ríkà wá ni tiwọn ń dín, Quinn Hughes ò tiẹ̀ lè wá rárá látìbẹ̀rẹ̀, Charlie McAvoy wọ ọsibítù kí fáínà tó dé, Matthew Tkachuk jókòó sórí bẹ́ǹṣì púpọ̀ torí ara ẹ̀ ò dá. Tẹ́ ẹ bá fi 3-1 yẹn nìkan ṣe ẹ̀rí, tíìmù tí ò sí mọ́ lẹ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ wo àwọn tó wà lẹ́yìn ju àwọn foowọ́dù lọ, torí ẹni mẹ́fà péré ló máa ń pín iṣẹ́ ẹ̀yìn ṣe nínú máàṣì kan, tí ọ̀kan bá kúrò, àwọn tó kù máa ń rẹ̀ kí eré tó parí.

Irú ìdíje tún ṣe pàtàkì o, ibí sì ni wọ́n ti ń fi ránkìn tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ìdíje àgbáyé máa ń wáyé ní May lọ́dọọdún, àsìkò yẹn sì ni NHL ń gbá ti Stanley Cup, kọ́ọ̀pù tiwọn, lọ́wọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù, iṣẹ́ ò tíì tán lọ́wọ́ wọn, wọn ò lè wá. Kánádà tẹ́ ẹ máa rí ní May, kì í ṣe Kánádà tẹ́ ẹ máa rí tí gbogbo NHL bá ṣílẹ̀kùn. Bratislava, 2019: Finland kó àwọn èèyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbá á nílé ní Yúróòpù wá, pléyà NHL ò pọ̀ rárá nínú wọn, Kánádà ní tiwọn kó àwọn NHL wá. Fáínà, Finland 3, Kánádà 1, Marko Anttila tó jẹ́ káńpútẹ̀nì wọn gbá méjì. Tíìmù tó ti jọ ń gbá á tipẹ́, tó mọ ibi tí kálukú máa dúró, máa ń ju àwọn ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ní pápákọ̀ òfuurufú lọ, pàápàá ní máàṣì méjì àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ń pẹ́ níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ yẹn ń dín kù. Lọ́dún 2021 ní Riga, Kánádà pàdánù máàṣì mẹ́ta àkọ́kọ́, Latvia pàápàá nà wọ́n 2-0, àwọn kan ti ń kọ ìsìnkú wọn, àwọn náà ló gba wúrà.

Olympics 2018 àti 2022 ńkọ́? Àwọn pléyà NHL ò lọ, ẹ má fi wọ́n wé 2010.

"Ṣebí wọ́n ti nà wọ́n ní ọjọ́sí?"

Wọ́n máa sọ ọ́, ó dájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, kẹ́ ẹ wá ka tiyín. 9 February 1980, ní New York, Soviet na Amẹ́ríkà 10-3 nínú eré ìdárayá lásán kí Olympics tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 22 oṣù yẹn, ní Lake Placid, àwọn ọmọ yunifásítì tí Herb Brooks kó jọ na Soviet kan náà 4-3. 21 February 2010, Amẹ́ríkà na Kánádà 5-3, Kánádà yọ Martin Brodeur kúrò lójú ilé, wọ́n fi Roberto Luongo síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan Crosby ṣe ohun tó ṣe. 2025 náà, 3-1 ní Montreal, 2-3 ní Boston.

Àwọn ará Kánádà wá sọ ọ́ di àṣà, "ẹ jẹ́ kí wọ́n nà wá ní gúrúùpù, àwa la máa gba fáínà." Mi ò bá wọn gbà á. Lọ́dún 1996, ní World Cup họ́kì, Amẹ́ríkà na Kánádà 5-3 ní gúrúùpù, wọ́n tún wá gba fáínà mọ́ wọn lọ́wọ́, méjì nínú mẹ́ta, wọ́n sì gba ìkẹta yẹn ní Montreal lójú gbogbo wọn. Kò sí òògùn kankan níbẹ̀. Tíìmù méjì tí agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bá pàdé lẹ́ẹ̀mejì, kálukú wọn á sábà mú ọ̀kan. Tí wọ́n bá ti nà wọ́n tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe nà wọ́n ni kẹ́ ẹ wò: ta ló ta pọ́ọ̀kì jù sójú ilé, góòlù mélòó ló wọlé nígbà tí ẹnìkan jókòó síta, ṣé góòlù tó gbẹ̀yìn kì í ṣe èyí tí wọ́n gbá sínú ilé tó ṣófo lẹ́yìn tí kóòṣì ti yọ kíípà kúrò láti fi ẹnìkẹfà wá góòlù. Góòlù ilé òfìfo yẹn máa ń sọ 2-1 di 3-1, ó máa ń sọ eré tó le koko di eré tó dà bíi pé ó rọrùn.

Ilé àti àlejò: ó kéré ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni pé tíìmù tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ pé òun ló nilé ló máa ń pààrọ̀ èèyàn kẹ́yìn kí wọ́n tó ju pọ́ọ̀kì sílẹ̀, kóòṣì ẹ̀ á ti rí ẹni tí tàlejò rán jáde, á wá rán ẹni tó lè mú un. Pápá náà tún wà níbẹ̀, ti NHL fẹ̀ tó bíi mítà 26, ti àwọn ará Yúróòpù látijọ́ jẹ́ 30. Níbi tó bá fẹ̀, àwọn Finland àti Sweden máa ń rí ibi sá sí, níbi tó há, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà á máa fi ara gbá wọn mọ́gi. Ẹ wádìí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹnu.

Ẹ sọ iye, ẹ yéé pariwo

"Kánádà ló máa wọlé" ò ní ìtumọ̀ kankan. Ẹ sọ pé tí wọ́n bá gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n máa gbà á. Tẹ́ ò bá mọ iye tẹ́ ẹ máa sọ, ẹ yá ti ilé tẹ́tẹ́ lò, kò pọn dandan kẹ́ ẹ fi owó síbẹ̀. Ká ní wọ́n kọ 1.70 fún Kánádà, 2.20 fún Amẹ́ríkà, ọfátáìmù wà nínú ẹ̀. Ẹ fi 1.70 pín 100, ó jẹ́ 58.8. Ẹ fi 2.20 pín 100, ó jẹ́ 45.5. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, ó lé ní 104, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju 100 lọ, mẹ́rin tó lé yẹn lowó ọjà àwọn tó ni ilé tẹ́tẹ́. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò, Kánádà wà ní bíi 56, Amẹ́ríkà 44. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹni tó dájú nìyẹn o, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ló máa pàdánù! Ìdí tí mo fi ń bẹ àwọn ará ilé nìyí pé tẹ́ ẹ bá ń kó tíkẹ́ẹ̀tì jọ lórí àkùmúléétò, kẹ́ ẹ má fi họ́kì 1.70 kún un bíi pé Man City àti tíìmù kékeré kan ni. Òun ló máa ń ya tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá ní Kánádà 9 nínú 10, ẹ má bá a jiyàn, ẹ bi í pé ṣé ó máa fún yín ní súyà igi mẹ́sàn-án tí Amẹ́ríkà bá wọlé, kẹ́yin náà fún un ní ẹyọ kan tí Kánádà bá wọlé. Á tètè sọ̀ kalẹ̀ wá sí 6.

Tó bá jẹ́ àgbà lẹ ń bá jiyàn, ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà á, ẹ má já irọ́ mọ́ wọn lójú, ìbéèrè ni kẹ́ ẹ máa bi wọ́n:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sà, 60 ìṣẹ́jú lẹ ń sọ àbí títí dópin?"

"Èwo lèmi àti 60 ìṣẹ́jú? Mo ní Kánádà máa nà wọ́n."

"Ó dáa sà. Ta ló máa ṣọ́lé fún wọn?"

"Ṣé èmi ni kóòṣì ni?"

"Rárá o sà. Mo kàn ní kẹ́ ẹ jẹ́ ká dúró dìgbà tí wọ́n bá kúrò lórí yìnyín láàárọ̀ ọ̀la, kí n tó bá yín fi súyà ta á."

"Àbúrò, o ti ń gbọ́n jù. Igi mélòó?"

Ẹ̀gbọ́n ti wọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó wọ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bú ẹnìkan.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣírò. Mo mọ̀ pé kò rọrùn, ní Montreal yẹn wọ́n hó lé orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lórí, wọ́n ju pọ́ọ̀kì sílẹ̀ báyìí, ìjà mẹ́ta ti ṣẹlẹ̀ láàárín sẹ́kọ́ńdì 9, àwọn Tkachuk méjèèjì tó jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló dá méjì sílẹ̀. Ó dùn ún wò, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ìbínú kì í ṣọ́lé fún ẹnikẹ́ni, tẹ́nìkan bá sọ fún yín pé inú ń bí wọn nítorí náà àwọn ló máa wọlé, ẹ rántí pé inú ń bí àwọn tòdìkejì náà.

Kí pọ́ọ̀kì tó balẹ̀, kí kálukú kọ iye tiẹ̀ sórí WhatsApp, kí aago wà lára ẹ̀, torí lẹ́yìn eré gbogbo èèyàn ló máa ní òún ti sọ tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ní Boston ní February, aago méjì òru ni n'Ìbàdàn, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ kọ tiyín kẹ́ ẹ tó sùn. Tó bá wá parí, ẹ má ì tíì wo ẹni tó wọlé, ẹ kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n ta sójú ilé àti iye tí kíípà mú. Bí Amẹ́ríkà bá ta 33, tí kíípà Kánádà mú 31 nínú ẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní Boston, ẹni tó gbè Amẹ́ríkà ní 5 nínú 10 ò ṣìnà rárá, ó lè sọ bẹ́ẹ̀ láì tijú, kó sì lọ ra súyà tó jẹ.